Alákíà: ẹ́ápọ́ọ̀tù tó ń jẹ́ Akíntọ́lá

Lónìí, Alákíà la ń lọ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ ohun mìíràn nípa ibẹ̀ ju ẹ́ápọ́ọ̀tù lọ.

Ṣùgbọ́n Alákíà kọ́ ni bàálù ti kọ́kọ́ ń balẹ̀ n'Ìbàdàn o. Samonda ni, lójú ọ̀nà Sango sí UI. Títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń pe àdúgbò yẹn ní Old Airport, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí.

Kí ló wá dé tí ẹ́ápọ́ọ̀tù ìlú ńlá bí Ìbàdàn fi kéré tó báyìí? Èkó ni. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹspirẹsì Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, kí bàálù tó gbéra, ẹni tó wọ mọ́tò ti dé Ògèrè. Ní 2021, rélùwéè tuntun tún dé. Àbújá ló wá kù jù fún bàálù Alákíà, Overland, Air Peace àti àwọn mìíràn sì ti gbé èrò lọ síbẹ̀ rí.

Ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá 2023 wá dé. Bàálù aládàáni kan tó gbé mínísítà iná mànàmáná bọ̀ láti Àbújá já sínú igbó nítòsí ẹ́ápọ́ọ̀tù náà nírọ̀lẹ́. A dúpẹ́, ẹnikẹ́ni ò kú.

Ọdún 2023 yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ẹ́ápọ́ọ̀tù kan lórúkọ tuntun. Ti Ìbàdàn di Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí: nínú ìwé kan náà, wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ́ápọ́ọ̀tù Port Harcourt!

Ẹ rántí pé ọmọ ẹgbẹ́ Action Group kan náà ni àwọn méjèèjì. Awólọ́wọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1962, ìjà wọn tú ilé aṣòfin ká n'Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì kéde pàjáwìrì. Nígbà tó di 1965, ìbò tí wọ́n ní wọ́n jí bí "wẹ́tìẹ̀": wọ́n ń da bẹntiróò sílé àti sára èèyàn, wọ́n sì ń ṣáná sí i. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, àwọn ṣọ́jà pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn níbí.

Àwọn ilé kan ṣì wà tí ẹ ò ti gbọ́dọ̀ dárúkọ ọ̀kan yìn ín lójú ọmọlẹ́yìn èkejì. Èmi ò ní dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ Alákíà di ẹ́ápọ́ọ̀tù tó lè gba bàálù òkè òkun. Tó bá parí, ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ lè máa gbọ́ orúkọ Akíntọ́lá kó tó gbọ́ ti Ìbàdàn. Ó yẹ kí ọmọ tó bá bi yín pé "ta ni?" rí èsì gbà, kó má jẹ́ ìdajì ìtàn.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín: ta ni wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ ní 1962? Ẹ fi èsì wọn ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.