Ìléru Àtijọ́ àti Ilẹ̀ Tí Ó Fi Sílẹ̀

Bí a bá ń pìtàn ìlú wa nínú ìwé ọdọọdún yìí, oyè àti ogun ni ó máa ń gba ojú ewé jù lọ. A ti ka ti Aláàfin Àtìbà àti bí Àgọ́ ṣe di Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. A ti ka ti àwọn Ẹ̀ṣọ́, a sì ti ka ti Ṣọ̀ún àti àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọn kò jẹ́ kí ogun kó ìlú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó rọ idà fún wọn? Ta ni ó sì rọ ọkọ́ tí wọ́n fi rojú oko nígbà tí ogun bá dáwọ́ dúró? Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a yà sí ìdí ìléru, kí a sì wo ilẹ̀ tí ìléru náà fi sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wa.

Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, C. V. Bellamy, tẹ ìròyìn kan jáde ní ọdún 1904 nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí Ola Igbi. Àwọn ará abúlé náà kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, tàbí ọgọ́fà, yíyọ́ irin láti inú òkúta sì ni iṣẹ́ gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n ń wa òkúta irin nínú ilẹ̀, wọ́n ń fi iná yan án, wọ́n ń gún un nínú odó, wọ́n ń kù ú, wọ́n sì ń fi omi fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó kó o sínú ìléru amọ̀ pẹ̀lú èédú. Ó ju ọ̀sán kan àti òru kan lọ kí irin tó jáde. Ohun tí ó ṣe wá ní kàyéfì jù nínú ìròyìn náà ni pé wọ́n tún ń da ìdàrọ́ àtijọ́ mọ́ òkúta tuntun, kí ó lè ràn án lọ́wọ́ láti yọ́. Ohun tí ìléru ìṣáájú pọ̀ dànù, ìléru tí ó tẹ̀ lé e tún rí lò nínú rẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín, tí ó sì parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní ọdún 1897, mẹ́nu ba ìléru pẹ̀lú. Ó ní èédú igi líle àti èésan ẹyìn ni wọ́n fi ń dá iná rẹ̀, pé tọ̀sán tòru ni iná náà ń jó. Ó sì kédàárò pé irin òkèèrè tí ó dínwó ti ń lé irin ilé kúrò lọ́jà, àti pé àwọn ìléru ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri. Nígbà tí ìwé náà jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti kú ní tòótọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò kú, ẹwìrì wọn ṣì ń fẹ́. Ṣùgbọ́n irin ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń rọ báyìí.

A kò ní fi ìyìn nìkan sórí àwọn bàbá wa. Ìléru ń jẹ igi. Èédú díẹ̀ ń fẹ́ igi púpọ̀, ìlọ́po ìlọ́po ìwọ̀n rẹ̀, igi líle tí ó sì dára fún èédú kì í tètè dàgbà. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́, tí ó sì gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, yóò rí i bí igbó ṣe ń fúyẹ́ tí koríko sì ń gbilẹ̀. Kì í ṣe ìléru nìkan ni ó fà á. Ojú ọjọ́ wà níbẹ̀, iná oko ọdọọdún àti igi ìdáná náà kò gbẹ́yìn. Síbẹ̀ ìléru mú ìpín tirẹ̀. Wọ́n fi igi ra ọkọ́, ọkọ́ sì bọ́ ìlú. Bí a bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwa pẹ̀lú ì bá rà á.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìdàrọ́ ni a máa ń ṣà lóko láti fi sọ ẹyẹ, nítorí pé ó wúwo ju òkò lásán lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé ohun ìtàn ni ó wà lọ́wọ́ wa. (Ẹyẹ náà kò sì kú rí, kí a má purọ́.)

Wàyí o, ìlú ń fẹ̀. Ibi tí ó jẹ́ ẹ̀yìn odi lánàá ti di àdúgbò. Bí àbá bá wá pé kí a kọ́ ilé ìwé, ọjà tàbí ilé ìwòsàn sórí ilẹ̀ tí òkìtì ìdàrọ́ wà, kí ni kí ẹgbẹ́ sọ? Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ iṣẹ́ ni ó ní oró kan náà. Ìdàrọ́ ìléru àwọn bàbá wa kò yàtọ̀ púpọ̀ sí òkúta: irin àti iyanrìn tí ó yọ́ pọ̀ ni. Kò dà bí òjé. Ohun tí a ó pàdánù níbẹ̀ ni ẹ̀rí, nítorí pé bí katapílà bá ti tú òkìtì náà ká, kò sí onímọ̀ tí ó tún lè ka ọjọ́ orí rẹ̀. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọdún 1979 wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tiwa ni pé kí a pe àwọn onímọ̀ kí wọ́n wọn ibẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí a dá apá kan sí pẹ̀lú igi rẹ̀, kí a sì kọ́ ilé ìwé náà sórí ìyókù. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a dá gbogbo rẹ̀ sí. A gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó sábẹ́ igi kàwé ní àsìkò òjò náà ní ẹ̀tọ́.

Ilẹ̀ iṣẹ́ ti òde òní ni kí a bẹ̀rù jù: ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀, ibi tí epo pẹtiróòlù ti ń jò wọlẹ̀, ibi tí wọ́n ti da oògùn apakòkòrò nù. Ilẹ̀ náà lè mọ́ lójú, kí ó sì ní ikú nínú. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé wọn. Wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀. Ọmọdé tí ó ju 400 lọ ni ó kú. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1988, wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, ẹni tí ó sì gbà á sínú ọgbà rẹ̀ rò pé owó ilẹ̀ lásán ni òun ń gbà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Koko ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin gidi lórí àyíká, títí dé òfin nọ́ńbà 86 ti ọdún 1992, tí ó sọ pé kí a yẹ ìpalára tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí ìlú náà gba eré Òlíńpíìkì ti ọdún 2012, ilẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ lẹ́bàá odò Lea ni wọ́n yàn. Wọ́n hú erùpẹ̀ olóró, wọ́n fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ aṣọ, wọ́n sì dá èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ padà sílẹ̀. Wọ́n wó òpó iná ńláńlá 52, wọ́n ri okùn wọn mọ́lẹ̀. Lónìí, ọgbà tí ó tutù ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ju 400 lọ tí ń gbé ní Clays Lane kó kúrò, àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò náà kúrò, ìjọ KICC ti Pásítọ̀ Matthew Ashimolowo, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń lọ, sì fi ilé ńlá rẹ̀ ní Waterden Road sílẹ̀ ní ọdún 2007. Wọ́n san owó fún ìjọ náà, òtítọ́ ni. Ẹni tí ó gbádùn ọgbà náà lónìí kì í ṣe ẹni tí ó kó ẹrù rẹ̀ lánàá ní gbogbo ìgbà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá kó ìwé iṣẹ́ kan wá síwájú ẹgbẹ́, kí a má kọ́kọ́ bèèrè iye owó rẹ̀. Kí a bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, àti ibi tí àgbàrá rẹ̀ ń ṣàn sí. Kí a rán ènìyàn lọ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, kí ó bá àwọn ìyá tí ń pọn omi níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí a sì gbé omi kànga wọn lọ yẹ̀ wò kí a tó fọwọ́ síwèé.

Ní ti ìléru, a ń bẹ ẹ̀yin àgbà agbo ilé alágbẹ̀dẹ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: ẹni tí ó bá mọ ibi tí òkìtì ìdàrọ́ wà lóko bàbá rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí koríko tó bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ kọ ohun tí bàbá yín àgbà sọ fún yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé, ì báà ṣe orúkọ abúlé kan ṣoṣo.