Ọ̀rá Ààlà Inú Bátìrì Lítíọ́mù

Ọ̀rá ààlà ni ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù nínú bátìrì lítíọ́mù. Kì í sábà nípọn ju máíkírónì 25 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí apá méjèèjì má fara kanra, síbẹ̀ kí áyọ́ọ̀nù lítíọ́mù rí ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ gbà kọjá. Bó bá ya tàbí tó súnkì, bátìrì ti bíríìjì nìyẹn: ooru á máa bí ooru títí iná yóò fi sọ.

Láti 1991 tí Sony ti gbé bátìrì yìí dé ọjà, polyethylene àti polypropylene ni wọ́n ń lò jù fún ọ̀rá náà. Polyethylene yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Bí ooru bá tó nǹkan bí 135°C, á yọ́, ihò rẹ̀ á dí, bátìrì á sì ṣíwọ́ iṣẹ́. Àǹfààní nìyẹn, ìdí sì nìyí táwọn kan fi ń fi polypropylene, tó ń fara dà á dé nǹkan bí 165°C, há a láàárín. Ṣùgbọ́n nínà ni wọ́n ń na ọ̀rá yìí kí ihò tó yọ lára rẹ̀. Bí ooru bá rà á, ó fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Etí rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni pọ́sítíìfù ti ń kan nẹ́gátíìfù.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi lẹ́búlẹ́bú alumina, tí kì í yọ́ àfi bí ooru bá kọjá 2,000°C, kùn ún. Àwọn mìíràn ń lo aramid, òwú ẹ̀wù ayẹta. Polyimide náà ń fara da ooru gan-an, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Alumina ló jọ pé ó bá àpò àti ewu mu jù.

Bí ọ̀rá bá fara da ooru, irin ṣì lè gún un. Nígbà tí fóònù Galaxy Note 7 ń gbiná ní 2016, Samsung rí i pé irin ṣóṣóró ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ wà lára ohun tó ya ọ̀rá àwọn bátìrì kan.

Ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ooru oṣù Ẹrẹ́nà lè sún mọ́ 40°C. Ìyẹn kò lè yọ́ ọ̀rá kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùṣe bátìrì ló ní ká má ṣe cháàjì rẹ̀ bí ooru bá ju 45°C lọ, yàrá abẹ́ páànù tí íńfátà ń gbóná nínú rẹ̀ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ooru bẹ́ẹ̀ ń sọ bátìrì di ògbólógbòó kí àsìkò rẹ̀ tó pé. A kò sì lè pààrọ̀ ọ̀rá inú bátìrì tí wọ́n ti dí pa: ẹni tó bá tú bátìrì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ láti fi ṣe páwà báǹkì, ọ̀rá àtijọ́ náà ló ń gbé kiri.