Àjàyí àti Ọ̀rọ̀ Náà "Ìgbàlà"

Èbúté Àpápá kò jìnnà sí Amukòkò. Ẹnu omi Èkó yìí kan náà ni ọkọ̀ ẹrú gbà gbé Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, bọ́ sí òkun ní 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó gbé e dé Freetown. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ìrìbọmi ní 1825, tí ó di Samuel Crowther.

Nígbà tí ó wá ń túmọ̀ Bíbélì, "ìgbàlà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: a gbà á, ó sì là. Ní 1846 ó tún rí Àfàlà ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848. Ti ìrètí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrú ni ẹnikẹ́ni kò dá dúró. Àwọn tí ó wà nínú wọn náà ní ìyá tí ń retí wọn.