Apakoríko

“A”, “pa” àti “koríko” ló para pọ̀ di orúkọ yìí, oògùn tí ń pa koríko. Ṣùgbọ́n ẹnu wa ti fẹ ìtumọ̀ koríko lójú débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ pe òjúoró, ọba tí í lékè omi ní ìlú Igbọ́kọ̀dá nílẹ̀ Ìlàjẹ, ní koríko. Èpò ni ọ̀rọ̀ tó gba koríko àti òjúoró: ohunkóhun tó hù níbi tí a kò fẹ́ ẹ, ìbáà ṣe àgbàdo láàárín ẹ̀gẹ́. Apakòkòrò ńkọ́? Ti kòkòrò nìyẹn. A lè sọ pé, “Bàbá fín apakoríko sóko.” Bí èpò kò bá wá kú mọ́, ẹ má yára pe oògùn ní ayédèrú; ó lè jẹ́ pé èpò náà ló ti gbójú sí i. Ní 1970, olùwádìí kan, G. F. Ryan, kọ̀wé nípa èpò kan ní ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà, tí apakoríko tí ń jẹ́ simazine kò ràn mọ́, nítorí pé oògùn kan náà ni wọ́n ń fín lọ́dọọdún, tí àwọn èpò tó yè sì ń so irúgbìn tó gbójú bíi wọn. Ẹ máa pààrọ̀ oògùn, kí ẹ sì máa fi ọkọ́ kún un.