Ìbọn Kírìjì: Ta Ló Rà Á, Ta Ló Rù Ú?



Oṣù September kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá kí ọ̀rọ̀ Ogun Kírìjì má yọjú lórí WhatsApp wa, torí pé ọjọ́ 23 oṣù náà lọ́dún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Bó bá ti yọjú, apá méjì la máa ń pín sí. Apá kan á ní oògùn àwọn ológun wa ló ṣiṣẹ́. Apá kejì á ní rárá o, ìbọn òyìnbó ni. Lónìí, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù wo irinṣẹ́ ogun náà fúnra rẹ̀: irú ìbọn wo ni, ta ló rà á, ọ̀nà wo ló gbà dé, ta ló sì rù ú. Ìdáhùn rẹ̀ kan àwa tí a ń dá owó ẹgbẹ́ lónìí gan-an.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Ìbàdàn ló di alágbára ilẹ̀ Yorùbá. Ní nǹkan bí ọdún 1840 wọ́n dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo. Ká sọ tòótọ́, gbogbo wa la jàǹfààní ìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sábẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iléṣà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1870. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú. Ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń wọ oko olóko, wọ́n sì ń fi ojú àwọn ará ilé gbolẹ̀.

Lọ́dún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó pa ajẹ́lẹ̀ tó wà nílùú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti àwọn kan láti Àkókó para pọ̀. Ìyẹn ni Èkìtìparapọ̀.

Ẹ rántí pé ìlú kéékèèké ni wọ́n. Wọn ò ní ọba kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá kojú Ìbàdàn. Ọdún náà gan-an la ti rí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù November 1878, Ìbàdàn fọ́ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ tó ń sá lọ ló kó sódò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ogun Jálumi.

ṢAKABÙLÀ

Ìbọn ṣakabùlà ni tọ̀tún tòsì ń lò nígbà yẹn, pẹ̀lú idà, ọ̀kọ̀ àti ọfà. Ẹni tó bá fẹ́ yin ṣakabùlà á kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá kì í, á da ọta sí i, á tún kì í. Lẹ́yìn náà ló máa wá bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí òkúta ti ń ṣáná. Orí ìdúró ló ti máa ṣe gbogbo èyí, tí ọ̀tá sì ń wò ó. Tí òjò bá rọ̀ pẹ́nrẹ́n, tí ẹ̀tù tutù, ìbọn di igi lásán nìyẹn.

Tí gbogbo ènìyàn bá ń lo ṣakabùlà, ẹni tó pọ̀ jù, tó sì ti mọ́ lára jù, ló máa borí. Ìbàdàn pọ̀, ogun sì ni iṣẹ́ wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣẹ́gun nìyẹn.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1880, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà fúnra rẹ̀ ti dé ojú ogun. Ìbàdàn pàgọ́ lápá Igbájọ, Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè àti àfonífojì wà láàrin wọn. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ló gba ipò olórí ogun lọ́wọ́ Fábùnmi. Ìbàdàn ti mú òun náà lẹ́rú rí, nítorí náà ó mọ bí wọ́n ṣe ń jagun. Ìmọ̀ yẹn wúlò, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan ò lè dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lórí òkè.

ÌBỌN TÍ WỌ́N Ń KÌ NÍ ÌDÍ

Ibí yìí ni ìbọn tuntun ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù ni Snider, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà fún àwọn ọmọ ogun wọn lọ́dún 1866. Ìdí ni wọ́n ti ń kì í, kì í ṣe ẹnu. Ẹ̀tù àti ọta ti wà pa pọ̀ nínú kátíríìjì kan. O ṣí ìdí ìbọn, o ki kátíríìjì bọ̀ ọ́, o pa á dé, o yìn ín. Ó parí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú kan, ẹni tó gbé ìbọn tí à ń kì lẹ́nu sì ṣeé ṣe kó má ju ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ó tún ń ta jìnnà ju ṣakabùlà lọ.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó gbé Snider lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpáta, kó máa kì í, kó máa yìn ín, láìdìde. Ẹ wá fojú inú wo ilẹ̀ olókè bíi tiwa. Ẹni tó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ṣakabùlà gbọ́dọ̀ dúró kó tó lè kì í. Ẹni tó wà lókè ò ní ìdí kankan láti dìde.

Ìró ìbọn tó ń dún láàrin àwọn òkè yẹn, kì-rì-jì, kì-rì-jì, ni wọ́n ní ó fún ogun náà lórúkọ.

Látìgbà yẹn, Ìbàdàn ò lè ya lu àgọ́ Èkìtìparapọ̀ bí wọ́n ṣe ń ya lu ìlú tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ ká parọ́ fún àwọn ọmọ wa: Èkìtìparapọ̀ náà ò wọ Ìbàdàn. Ohun tí ìbọn yẹn ṣe ni pé ó jẹ́ kí ẹni kékeré lè dúró. Ogun wá di ìjókòó. Ọdún ń gorí ọdún, àgọ́ di ìlú, wọ́n ń dáko, wọ́n ń bímọ síbẹ̀.

TA LÓ RÀ Á?

Kì í ṣe ọba kankan nínú Èkìtì ló pàṣẹ ìbọn yìí láti Ìlú Ọba. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ni.

Ní Èkó nígbà náà, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà tí ogun ti kó lẹ́rú rí, àwọn tàbí òbí wọn. Òmíràn gba Sàró padà, òmíràn gba Brazil padà. Wọ́n ń ṣòwò, wọ́n mọ̀wé, wọ́n sì mọ ojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba Èkó lọ́dún 1861. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń pe ẹgbẹ́ náà ní Èkìtìparapọ̀. Lára àwọn tó léwájú níbẹ̀ ni Philip Jose Meffre, tó ti Brazil dé, àti J. P. Haastrup. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Gómìnà, wọ́n ń gbìyànjú láti parí ìjà, ẹgbẹ́ náà sì ń wá ìbọn àti kátíríìjì ránṣẹ́ sílé. Àwọn tó mọ ìbọn tuntun náà yìn lọ sójú ogun láti kọ́ àwọn yòókù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú kúrò nílé, tó rékọjá òkun, tó sì padà, ló ń dáwó fún ilé tí kò fojú kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀NÀ WO LÓ GBÀ, TA LÓ RÙ Ú?

Rírà lásán kọ́ ni iṣẹ́. Ọ̀nà àárín gbùngbùn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, àwọn ló sì ń pinnu ẹni tó máa kọjá. Ọ̀nà Òǹdó, tí Gómìnà Glover ti gbìyànjú láti là ṣáájú ogun yìí, ló gba Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi á gba orí ọ̀sà lọ sí ìlà oòrùn, títí dé apá Ìkálẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹrù ti máa gun orí ènìyàn, gba inú igbó lọ sí Òǹdó, kó tó dé Iléṣà àti ojú ogun.

Kò sí kẹ̀kẹ́ ẹrù, kò sí mọ́tò. Ẹṣin ò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò, torí irù inú igbó ń pa á. Ọkọ̀ ojú omi àti orí ènìyàn ni mọ́tò ogun Èkìtìparapọ̀. Gbogbo kátíríìjì tó dún lórí òkè yẹn, ẹnì kan ló rù ú wá, kò sì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn.

Apá kan wà tí a kì í fẹ́ sọ. Owó tí wọ́n fi ń ra ìbọn àti ẹ̀tù, ní àgọ́ méjèèjì, wá lára títa àwọn tí wọ́n kó lógun. Ogun tí wọ́n ń jà torí kí wọ́n má bàa jẹ́ ẹrú tún sọ ọmọ ẹlòmíràn di ẹrú. Ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni.

ÌBỌN TUNTUN KÌ Í PẸ́ GBÓ

Nígbà tó yá, Ìbàdàn náà rí lára ìbọn tuntun rà. Ṣùgbọ́n ogun ti yí wọn ká: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìlọrin ní Ọ̀fà, Ifẹ̀, àti Èkìtìparapọ̀. Látòósà kú sí àgọ́ lọ́dún 1885. Lọ́dún 1886 wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, wọ́n sì gbà pé àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ di òmìnira.

Ní May 1892, òyìnbó gbé ìbọn Maxim, tó ń yìn léraléra fúnra rẹ̀, lọ bá Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n, kíá ni ọ̀rọ̀ ti parí. Ọdún 1893 ni Gómìnà Carter wá tú àwọn àgọ́ tó kù ká. Lọ́dún 1894, wọ́n mú Ògèdèǹgbé gan-an. Snider tó dá Ìbàdàn dúró ò lè dá Maxim dúró.

KÍ NI KÍ A MÚ NÍBẸ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí oògùn àti ìbọn, tọ̀tún tòsì ló so oògùn mọ́ra, tọ̀tún tòsì ló sì ní ìbọn nígbà tó yá. Ohun tí Èkìtìparapọ̀ ní ni ẹgbẹ́ tó ń dáwó, ọ̀nà tó ṣí, àti ìlú kéékèèké tí kò jẹ́ kí ìjà ààlà tú wọn ká kí iṣẹ́ tó parí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bíi tiwa yìí kì í ṣe nǹkan àná. Nígbà tí akápò bá tún rán wa létí owó oṣù, ẹ rántí pé iṣẹ́ àwọn bàbá wa la ń ṣe, pẹ̀lú ọ̀nà àti ilé ìwòsàn dípò kátíríìjì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìtàn yìí bú ọmọ Ìbàdàn. Àna wa ni wọ́n, aya àti ọkọ wa wà nínú wọn.

Paríparì rẹ̀, ìbọn àtijọ́ àti ìdí kátíríìjì ṣì wà ní àjà ilé àwọn kan nílùú wa, àwọn tó ń ra irin àlòkù sì ń fi owó táṣẹ́rẹ́ kó wọn lọ. Kẹ́ ẹ tó tà á, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ilé tó ni ín àti ohun tí àgbà ilé sọ nípa rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ má tà á rárá.

Ìlú wa ò ní tú o. Àṣẹ.