Burkinabè

Burkinabè ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ọmọ orílẹ̀-èdè Bùrkínà Fasò, àti ohunkóhun tí ó bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ̀ lé ìlànà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà ń lò fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí àwọn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń ṣì í kọ.

Haute-Volta ni àwọn amúnisìn Faransé sọ ilẹ̀ náà ní 1919, nítorí odò Volta. Upper Volta ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá bí nígbà náà sí Gounghin, àdúgbò kan ní ìwọ̀-oòrùn Ouagadougou, Voltaïque ni ìwé ìjọba ń pè é. Bẹ́ẹ̀ sì ni Gounghin kò ṣàìní orúkọ àti oyè tirẹ̀: Gounga Naaba, tí oyè rẹ̀ so mọ́ àdúgbò náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè àgbà Moogo Naaba, ọba àwọn Mossi.

Ní 4 Oṣù Kẹjọ 1984, ọdún kan gééré lẹ́yìn tí ó gba ìjọba, Thomas Sankara pa orúkọ amúnisìn náà tì. Èdè mẹ́ta ni wọ́n ti ṣa ọ̀rọ̀ tuntun jọ. Burkina wá láti inú Mooré, èdè àwọn Mossi, ó sì ń tọ́ka sí olóòótọ́ ènìyàn tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Faso jẹ́ ti Dioula: fa ni bàbá, so ni ilé. Fulfulde, èdè àwọn Fúlàní, ni wọ́n ti mú -bè. Ẹni tí ó gbọ́ Fulfulde lè bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn níbí, nítorí pé ènìyàn púpọ̀ ni -bè wà fún: Pullo ni Fúlàní kan, Fulɓe ni ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà fún ẹnì kan àti fún gbogbo ènìyàn, fún ọkùnrin àti obìnrin.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ Burkinian tàbí Burkinese, bí ẹni pé ó ń kọ Nigerian tàbí Togolese, ti dá ìrísí àjèjì padà sára orúkọ tí wọ́n dìídì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Burkinabe, láìsí àmì lórí, ni ọ̀pọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń lò, wọn kì í sì í fi s kún un bí ènìyàn bá pọ̀. Ó rọrùn fún Yorùbá láti gba èyí, nítorí pé "àwọn" nìkan ni à ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀. Àmì orí è kì í ṣe àmì ohùn bí tiwa. Ohùn ẹ ni ó ń fi hàn.

Ní ìparí 2023, àwọn aṣòfin ibẹ̀ tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe. Àwọn èdè ìbílẹ̀ di èdè ìjọba, Faransé sì di èdè iṣẹ́.