OHÙN ỌLỌ́RUN: ẸNU ÀTI ÌWÉ

Ní àwọn abúlé àti ìlú kékèké tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà dé Làlúpọn, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànrán, kò ṣọ̀wọ́n kí ọmọ ìyá kan máa sìn ní Ìjọ Àgùdà, kí èkejì sì wà ní Ìjọ Ajíhìnrere. Ìbéèrè kan a sì máa dá iyàn sílẹ̀ lãrin wọn: níbo ni Ọlọ́run ti bá wa sọ̀rọ̀?

Ní ọdún 1546, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà tí ó péjọ ní ìlú Trent wípé òtítọ́ Ìhìnrere wà nínú Ìwé Mímọ́ àti nínú ẹ̀kọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ tí a kò kọ sílẹ̀, èyítí àwọn Àpóstélì fi lé Ìjọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú Ẹ̀kọ́ Ìsìn 39 ti ọdún 1571, wípé Ìwé Mímọ́ ní ohun gbogbo tí a nílò fún ìgbàlà. Ohun tí a kò bá kà nínú rẹ̀, tí a kò sì lè fi í hàn láti inú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn tiwa. Ní 1851 ni David Hinderer ti Ìjọ C.M.S. kọ́kọ́ dé Ìbàdàn. Ní 1853 ni òun àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ìwé Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ ti jáde ní 1850, àwọn apá mìíràn sì ńtẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n odidi Bíbélì Yorùbá kò jáde títí di 1884. Nígbàtí Hinderer lọ ní 1869, Daniel Olúbi ni ó ńṣe olórí iṣẹ́ nã. Nípa bẹ̃, fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ̃ lọ, ẹnu olùkọ́ni ni púpọ̀ nínú àwọn baba wa fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyè. Ẹni tí ó bá wípé ìwé nìkan ni, kí ó máṣe gbàgbé ẹnu tí ó gbé ìwé nã wá. Síbẹ̀, ìwé nã ni àwọn olùkọ́ nã fi ńwọn ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ìjọ Àgùdà pẹ̀lú kò gbé ìwé tì. Ní 1965, Ìgbìmọ̀ Fátíkàn Kejì kọ́ni pé orísun kan nã ni Ìwé Mímọ́ àti ẹ̀kọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ ti ńṣàn wá, pé Kristi ni ìfihàn Ọlọ́run ní ẹ̀kún rẹ̀, pé àwọn olùkọ́ Ìjọ kò ga ju Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni nwọ́n, àti pé kí a ṣí ọ̀nà Ìwé Mímọ́ sílẹ̀ fún gbogbo onígbàgbọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà ni mo ńwí. Iyàn kan kù síbẹ̀: ta ni yíò ṣe ìdájọ́ ìtumọ̀? Àgùdà dáhùn pé, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Póòpù. Ajíhìnrere dáhùn pé, Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ ni onídàjọ́ gbogbo olùkọ́. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wípé Àgùdà kò ka Bíbélì sí, tàbí pé Ajíhìnrere kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn baba, ó ńjẹ́rí èké sí ọmọ ìyá rẹ̀. Òfin Ọlọ́run sì kọ èyí, nínú ìjọ méjèèjì.